Bẹ́árìn dírọ́ọ̀mù wa kì í pé oṣù mẹ́ta mọ́, bóòtù tó de ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ sì ń já. Níbo la ti ṣì í?

AyọTíṣù, Òṣogbo

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, mo sì mọ̀ pé àwọn tó dàgbà sídìí ẹ̀rọ bébà wà níbí, ni mo ṣe gbé e wá.

Ilé iṣẹ́ kékeré kan lọ́nà Ìkìrun ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bébà àlòkù là ń kó: ìwé àwọn ọmọ iléèwé, àjẹkù ilé ìtẹ̀wé, fáìlì ọ́fíìsì tí wọ́n ti dà nù. A ó rẹ ẹ́, a ó pò ó, ẹ̀rọ á tẹ́ ẹ, ó di tíṣù. Ṣáínà ni ẹ̀rọ náà ti wá, ó sì ti ṣiṣẹ́ níbòmíràn kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Dírọ́ọ̀mù irin ńlá kan ṣoṣo ló ń bá wa gbẹ bébà, òun náà ló sì ń pa mí lẹ́kún yìí. Ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 1.5, láti bẹ́árìn kan sí ìkejì jẹ́ bíi mítà 2.5. Sìtíìmù, ìyẹn oru omi híhó, tí ìtì rẹ̀ tó bàà 4 là ń rán sínú rẹ̀. Ṣáàfù, ọ̀pá irin etí rẹ̀ méjèèjì, ń yí nínú bẹ́árìn: òrùka irin méjì, ọ̀kan nínú ìkejì, tí rólà, àwọn irin róbótó, ń yí láàárín wọn. Bẹ́árìn 22230 ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà, òun náà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń dúró sí.

Bẹ́árìn tó bá ẹ̀rọ wá lò ju ọdún méjì lọ lọ́dọ̀ wa. Nígbà tó dákẹ́ lóṣù Kejìlá, a pààrọ̀ rẹ̀ tòun ti ilé rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣìṣẹ́. Àtìgbà náà ni a ò ti sinmi. Oṣù Kẹta, ó lọ. Oṣù Kẹfà, ó tún lọ, ti ẹ̀gbẹ́ jíà sì bá a lọ. Èyí tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi síbẹ̀ náà ti ń ké báyìí. Tó bá máa bẹ̀rẹ̀, á kọ́kọ́ dún ṣín-ín ṣín-ín bí ẹyẹ kékeré. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹrin, ó ti dà bí ẹni ń fi ọlọ lọ ẹ̀wà gbígbẹ. Mo máa ń ki ẹnu súkúrúdíráfà mọ́ ilé bẹ́árìn, kí n wá fi etí ti ìdí rẹ̀. Láàárọ̀ tí ẹ̀rọ bá tutù, kò sí ariwo kankan. Jẹ́ kí sìtíìmù wọlé tó wákàtí kan, ariwo dé.

Ẹsẹ̀ irin tó gbé bẹ́árìn ẹ̀gbẹ́ òṣìṣẹ́ náà ò gbádùn. Bóòtù mẹ́rin ló dè é mọ́ kọnkéré. Méjì tó kọjú sí inú, lápá dírọ́ọ̀mù, já. A fi èyí tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ sí i, ó tún já, àwọn méjì kan náà. Kọnkéré ìdí wọn ń ṣí bí èèpo ara igi. Nígbà tí mo rí i pé ẹsẹ̀ náà ń mì, mo pe wẹ́dà, mo ní kó jó ìdí rẹ̀ mọ́ irin pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ rẹ̀, yí po. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló fi dákẹ́.

Gíríìsì ń wọ̀ ọ́ láràárọ̀ títí á fi máa yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀gá wa ní bẹ́árìn ayédèrú ni, pé kí n lọ rà á l'Ékòó fúnra mi. Mo lọ. Èyí tí mo rà l'Ékòó ló ń ké yìí o. Ṣé irú bẹ́árìn mìíràn ni ká fi síbẹ̀ ni, àbí ká fọ́ gbogbo kọnkéré yẹn?

MẹkáÌgbọ̀nà

Ọ̀gá rẹ ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sóòótọ́, Ayọ̀. Ayédèrú pọ̀ nígboro. Ṣùgbọ́n ka nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ tán kó o tó dá òǹtajà lẹ́bi. Méjì tó gbẹ̀yìn nínú 22230, sọ ọ́ dọ̀nà márùn-ún: 30 lọ́nà 5, 150. Ihò rẹ̀ nìyẹn ní mìlímítà. Kí wá ló tẹ̀ lé nọ́ńbà yẹn? Tí kò bá sí C3 tàbí C4 níbẹ̀, àmì pé àlàfo inú rẹ̀ fẹ̀ ju ti gbogbo ìgbà lọ, ẹ̀rọ tí kì í gbóná púpọ̀ ni wọ́n ṣe é fún, àlàfo inú rẹ̀ ti kéré jù fún ibi tí sìtíìmù ń gbà kọjá.

Lórí gíríìsì, ẹ̀ ń ṣe àṣejù. Ìbú òde bẹ́árìn yẹn jẹ́ 270, nínípọn rẹ̀ jẹ́ 73. Sọ méjèèjì di púpọ̀, kó o wá sọ ọ́ dọ̀nà 0.005, kò ní tó gíráàmù 100. Ìyẹn ló yẹ kó wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan tó o bá ń fi kún un, kì í sì í ṣe ojoojúmọ́ títí á fi máa ṣàn. Tí ilé bẹ́árìn bá kún dẹ́nu, gíríìsì fúnra rẹ̀ ni rólà á máa pò kiri, ooru ni yóò sì dà. Gíríìsì kì í fẹ́ ooru: téèyàn bá ti kọjá dígírì 70, gbogbo 15 tó bá tún lé, ọjọ́ ayé rẹ̀ á dín sí ìdajì. Tó ò bá mọ iye tí pọ́ǹpù rẹ ń gbé, fà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá sórí ọ̀rá, kó o gbé e tọ ẹni tó ń ta ẹran tútù lọ kó bá ẹ wọ̀n ọ́n. Ó máa wò ẹ́ bí wèrè, àmọ́ ó máa wọ̀n ọ́n.

JóIrinJóIrin

Ẹ̀gbọ́n Ayọ̀, ìbéèrè kan ni tèmi. Wẹ́dà tó wá jó ẹsẹ̀ yẹn, níbo ló fi áàtì, wáyà tí iná ń gbà padà sínú ẹ̀rọ rẹ̀, kọ́? Torí tó bá fi kọ́ ara ẹ̀rọ lọ́hùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà, tó wá ń jó irin níhìn-ín, àárín bẹ́árìn méjèèjì ni iná gbà kọjá. Ibi tí rólà ti kan irin kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, iná á sì máa tan síbẹ̀, á máa gbẹ́ kòtò kéékèèké tójú lè máà rí.

Ara mi ni mo ti kọ́ ọ. Ilé ìlagi kan ló pè mí pé kí n wá jó férémù ẹ̀rọ wọn. Mo fi áàtì kọ́ ibi tó sún mọ́ mi jù, ẹ̀yìn wíìlì ni. Iṣẹ́ ọ̀sán kan péré. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, bẹ́árìn wíìlì ń hu bí ajá, wọ́n ní èmi ni mo bà á jẹ́, mo bá wọn jà. Wọ́n wá tú u lójú mi. Mo sanwó. Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ l'Ókè-Fíà, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi rí. Orí irin tó o fẹ́ jó gan-an ni kí áàtì wà, níbi tí ọwọ́ rẹ kejì lè tó o.

Mi ò ní òun ló pa ti oṣù Kẹta o. Àmọ́ èyí tó ń ké lọ́wọ́ yìí, mo fura sí wẹ́dà.

BàbáJẹ́bà

Ẹ fi bẹ́árìn sílẹ̀ ná. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ ló dáa, àmọ́ ẹ ò tíì béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù Kejìlá.

Ayọ̀ ọmọ mi, ọdún 11 ni mo lò nílé iṣẹ́ bébà Jẹ́bà, létí odò Ọya, kí orúnkún tó ní kí n padà sílé l'Ókè-Báálẹ̀. Mi ò ní dáhùn nǹkan kan títí wàá fi wo ohun mẹ́ta fún mi. Àwọn bẹ́árìn tẹ́ ẹ yọ lóṣù Kẹfà, ṣé wọ́n ṣì wà? Fi kẹrosíìnì fọ̀ wọ́n, kó o yí òrùka inú síta kó o lè rí rólà. Ìlà méjì ni rólà tò sí. Ṣé ìlà méjèèjì ló jẹ ni, àbí ọ̀kan? Tó bá jẹ́ ọ̀kan, èyí tó kọjú sí dírọ́ọ̀mù ni àbí èyí tó kọjú síta? Lẹ́yìn ìyẹn, kí lẹ bá nínú ilé bẹ́árìn àtijọ́ ẹ̀gbẹ́ òṣìṣẹ́, kí lẹ sì fi sínú tuntun? Má gbàgbé kankan, ì báà jẹ́ ohun tó kéré bí òrùka.

AyọTíṣù

Ẹ ṣé o, Bàbá. Mo rí méjèèjì. Èyí tó jẹ́ ti ẹ̀gbẹ́ òṣìṣẹ́, mẹ́gàádì wa ló ń fi dá ilẹ̀kùn dúró, mo ní láti fi òkúta pààrọ̀ rẹ̀ fún un. Mo fọ̀ wọ́n lánàá lẹ́yìn iṣẹ́.

Ẹnu yà mí. Ìlà tó kọjú síta ti jẹ pátápátá, ó dá batani bí ojú ẹni tí ṣànpọ̀nná bá jà, èèpo irin ti ń ṣí kúrò lára rẹ̀. Ìlà tó kọjú sí dírọ́ọ̀mù ń dán! Mo lè fi wo ojú mi. Ti ẹ̀gbẹ́ jíà náà, bákan náà: ìta ti jẹ, inú ń dán. C3 ló wà lára wọn, Mẹ́ká.

Ní ti òrùka, Bàbá, ṣé oṣó ni yín ni? Nígbà tá a ra ilé bẹ́árìn tuntun, òrùka irin méjì bá a wá nínú ọ̀rá. Èyí tá a tú kúrò ò ní òrùka. Fítà wa ní àwọn tó kọ́kọ́ lo ẹ̀rọ ló sọ ọ́ nù, ló bá fi méjèèjì sí i, ọ̀kan lápá ọ̀tún bẹ́árìn, ọ̀kan lápá òsì. Ó wọ̀ ọ́ gírígírí, kò sí mímì kankan, inú wa dùn.

BàbáJẹ́bà

Kò sẹ́ni tó sọ òrùka nù. Ẹni tó to ẹ̀rọ yẹn mọ ohun tó ń ṣe.

Irin tó bá gbóná a máa gùn. Gbogbo mítà kan, tó bá fi dígírì 100 gbóná ju bó ṣe wà lọ, á fi nǹkan bíi mìlímítà 1.1 gùn sí i. Sìtíìmù bàà 4 lójú gééjì sún mọ́ dígírì 150; ara dírọ́ọ̀mù ò ní gbóná tó ìyẹn nítorí omi inú bébà ń mu ooru rẹ̀, àmọ́ láti àárọ̀ tó tutù dé ìgbà tẹ́ ẹ bá ń ṣiṣẹ́, ó máa tó 90 sí 100 tó fi yàtọ̀. Mítà 2.5 ni tiyín. Nítorí náà, láràárọ̀ tẹ́ ẹ bá ṣí sìtíìmù, dírọ́ọ̀mù yín ń fi bíi mìlímítà 2.5 gùn, tó bá sì di alẹ́ ó tún ń sún kì. Níbo ló máa gbé gígùn yẹn sí?

Ẹ̀gbẹ́ jíà kò lè lọ síbì kankan, torí eyín jíà ní láti pàdé ara wọn bó ṣe yẹ. Ìdí nìyẹn tí òrùka fi wà níbẹ̀, kó dá bẹ́árìn dúró. Ẹ̀gbẹ́ òṣìṣẹ́ ni ilẹ̀kùn rẹ̀. Níbẹ̀, bẹ́árìn máa ń rọra fà nínú ilé rẹ̀, ó ń lọ síta láàárọ̀, ó ń padà wọlé lálẹ́. Ẹ̀yin wá fi òrùka méjì ti ilẹ̀kùn mọ́ erin. Erin ò kì í kan ilẹ̀kùn, ògiri ló máa gbé.

Bẹ́árìn ló kọ́kọ́ gbà á. Ṣáàfù ń ti òrùka inú síta, ilé rẹ̀ ò jẹ́ kí òrùka òde tẹ̀ lé e, gbogbo ẹrù wá bọ́ sórí ìlà rólà tó kọjú síta, níbí àti lọ́hùn-ún. Èyí tó kọjú sínú ò rí iṣẹ́ ṣe, òun ló fi ń dán. Lẹ́yìn bẹ́árìn ló kan ẹsẹ̀. Orí ẹsẹ̀ ni dírọ́ọ̀mù ń tì síta, ẹsẹ̀ fẹ́ dojú dé síta, ó wá ń fi etí òde tẹ ilẹ̀, ó sì ń fa bóòtù inú tu bí ẹni ń fa ẹ̀gẹ́. Ṣé o ti wá rí ìdí tó fi jẹ́ pé àwọn méjì kan náà ló ń já? Wẹ́dà tẹ́ ẹ wá pè pé kó jó o pinpin, a ní ká jẹ ẹ̀kuru kó tán, ẹ tún ń gbọn ọwọ́ rẹ̀ sáwo.

Ẹ yọ òrùka méjèèjì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣìṣẹ́. Ti ẹ̀gbẹ́ jíà, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ wo inú ilé bẹ́árìn yẹn dáadáa, torí tí ìpẹtà tàbí ọ̀dà bá wà níbi tí òrùka òde ń jókòó sí, kò ní fà, òrùka tẹ́ ẹ yọ á sì di asán. Ó gbọ́dọ̀ ṣe é fi ọwọ́ tì. Tẹ́ ẹ bá ń fi bẹ́árìn sí i nígbà tó tutù, ẹ fi àyè tó pọ̀ sílẹ̀ lápá òde, ibẹ̀ ló ń lọ. Kó o wá tẹ wáyà tín-ín-rín kan mọ́ ara ẹsẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ṣáàfù, kó o fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ṣáàfù níbi tí wáyà kọjú sí. Tí ìlà náà ò bá kúrò níwájú wáyà lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, kí ẹ pa ẹ̀rọ.

Ní ti ẹsẹ̀, ẹ gé gbogbo ibi tí wẹ́dà jó. Ẹ fọ́ kọnkéré tó ti mu epo dànù. Ẹ máa fi òòlù kàn án, ibi tó bá ń dún gbì, ẹ kó o, ibi tó bá ń dún gan-an bí òkúta, ẹ dúró níbẹ̀. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá dà sórí kọnkéré tó mu epo, kò ní lẹ̀. Ẹ má fi yanrìn àti sìmẹ́ńtì lásán dí abẹ́ irin, ó máa sún kì tó bá gbẹ, àlàfo á sì wà lábẹ́ rẹ̀ tẹ́ ẹ ò ní rí. Èyí tí kì í sún kì wà ní báàgì. Apá kan ni kẹ́ ẹ ti dà á títí á fi yọ lápá kejì, kí afẹ́fẹ́ má bàa sá pamọ́ sáàárín. Iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára báàgì, ẹ dúró dè é, ọ̀gá yín ì báà bínú. Tẹ́ ẹ bá ti fún bóòtù tán, ẹ gbé dial gauge, aago tó ń ka mímì kékeré, lé ẹsẹ̀, ẹ tú bóòtù kan, ẹ wò ó, ẹ fún un padà, ẹ tú ìkejì. Èyí tó bá gbé sókè ju mìlímítà 0.05 lọ, ẹ fi ṣíìmù, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kì í dípẹtà, sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe agolo mílíìkì tí wọ́n gé! Mo ti bá agolo mílíìkì méje lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ kan rí, omi ti jẹ mẹ́rin nínú wọn tán.

Ó ku ohun méjì kékeré. Ẹ má ṣí sìtíìmù lẹ́ẹ̀kan náà láàárọ̀. Àárín ṣáàfù ló ń gbà wọlé, òrùka inú bẹ́árìn á gbóná kí tòde tó mọ̀, àlàfo C3 yẹn á sì tán. Ẹ rọra ṣe é, kó tó wákàtí kan ó lé. Bí NEPA bá sì mú iná lọ, ẹ kọ́kọ́ ti sìtíìmù, kẹ́ ẹ wá wá bẹ́ ẹ ṣe máa yí dírọ́ọ̀mù títí á fi rọlẹ̀, ẹ má jẹ́ kó dá dúró gbóná. Òṣogbo yìí kan náà ni wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà, síbẹ̀ a ò bọ́ lọ́wọ́ òkùnkùn.

ÌyáStóò

Ayọ̀, ọkọ mi, èmi ò mọ dírọ́ọ̀mù, àmọ́ èmi ni mo ń kó ẹrù fún àwọn fítà níbi iṣẹ́ wa láti ọdún 14. Ohun tí wọ́n ń fi òrùka yẹn ṣe ò yé mi rí, mo kàn rí i pé ó wà nínú ọ̀rá tó bá ilé bẹ́árìn wá, ọmọ iṣẹ́ tó bá sì rí nǹkan nínú ọ̀rá gbọ́dọ̀ rí ibi tó máa fi í sí! Láti òní lọ, mo máa yọ ọ́ sọ́tọ̀, kí wọ́n wá bèèrè kí n tó fún wọn.

Mi ò kì í fún ẹnikẹ́ni ní bẹ́árìn tuntun àfi tó bá gbé ti àtijọ́ wá. Mo fi ọ̀dà kọ ọjọ́ tó wọlé àti ọjọ́ tó jáde sára rẹ̀. Wọ́n ní mo le. Ká ní ti mẹ́gàádì yín ti sọnù, ta ni ì bá mọ ìlà tó jẹ? Tuntun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ, jẹ́ kó sùn sílẹ̀ gbalaja nínú bébà tí wọ́n fi wé e, má gbé e dúró, má sì tú u wò títí di ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lò ó. Ibi tó ń mì bí ẹ̀yìn jẹnẹrétọ̀, má gbé e síbẹ̀.

AyọTíṣù

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin rèé.

Ọ̀gá wa kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní òun ò rí i rí pé kí wọ́n yọ nǹkan kúrò lára ẹ̀rọ kó lè pẹ́. Mo fi bẹ́árìn ọwọ́ mẹ́gàádì hàn án, mo ní kó fi ọwọ́ pa ìlà méjèèjì. Ó pa á, ó dákẹ́, ó ní ká lọ ra báàgì. Kọnkéré yẹn, a gbẹ́ ẹ títí ó fi tó ìbú ọwọ́ kan kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí òkúta, gbogbo òkè rẹ̀ dúdú fún epo. Bẹ́árìn tó ń ké, a yọ ọ́, kòtò kéékèèké wà lára rẹ̀ lóòótọ́, wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn. JóIrin, wẹ́dà wa ti gbọ́ tirẹ̀. Inú ilé bẹ́árìn ní ọ̀dà àwọ̀ búlúù tí wọ́n fi kùn ún láti ọ̀dọ̀ òǹtajà, a fi ṣánpépà rá a kúrò kí òrùka òde tó lè fà.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, gbogbo wa dúró yí wáyà Bàbá ká bí ẹni ń wo ìpàdé ẹbí. Wákàtí kìíní, ìlà ṣọ́ọ̀kì ti kúrò níwájú wáyà díẹ̀. Wákàtí kẹta, ọ̀gá wa fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tòun ti agbádá, ó fi rúlà wọ̀n ọ́n: mìlímítà 2 ó lé díẹ̀. Tó bá di òwúrọ̀ kejì, á ti padà sípò. Ilé bẹ́árìn ṣì ń gbóná, àmọ́ kò ké, mo sì ń fi súkúrúdíráfà gbọ́ ọ láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró. Gíríìsì, mo wọ̀n ọ́n lọ́dọ̀ ẹlẹ́ran l'Ólúòde. Ó wò mí bí wèrè.

Òrùka méjèèjì wà lórí ìṣó lókè tábìlì mi. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa bi mí lánàá pé ṣé a ò ní fi wọ́n sí i mọ́ ni, ó ní ó dà bíi pé nǹkan kan kù nínú ilé bẹ́árìn yẹn. Mo ní kó lọ wo wáyà.